Ibi Tí Ẹ̀bùn Eré Ìdárayá Gbà Kúrò Nílé-Ẹ̀kọ́ Ìjọba n'Íbàdàn

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ikọ̀ obìnrin Nàìjíríà tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí D'Tigress, na Kánádà nílùú Lille pẹ̀lú àmì ayò 79 sí 70, wọ́n sì wọ ìpele àwọn ikọ̀ mẹ́jọ tó kù nínú ìdíje Òlíńpíìkì. Kò sí ikọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kankan, ì báà ṣe ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin, tó dé ibẹ̀ rí nínú eré yìí. Inú wa dùn, a sì yọ̀. Nígbà tí ayọ̀ náà rọlẹ̀, ìbéèrè kan ṣẹ́kù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò béèrè: ta ló tọ́ àwọn ọmọ yìí dàgbà nínú eré náà? Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Rena Wakama, ìpínlẹ̀ North Carolina ni wọ́n bí i sí. Ezinne Kalu, tó wà lára àwọn òpó ikọ̀ náà, ìlú Newark ní New Jersey ni wọ́n ti bí i. Amy Okonkwo, California ló ti dàgbà. Àwọn tí wọ́n dàgbà nílé wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n wọn kò tó ìdajì.

Mi ò sọ èyí láti fi tàbùkù àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi. Ọmọ wa ni wọ́n, ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n, wọ́n sì ti ṣe ohun tí a ò ní gbàgbé. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọbìnrin kan tó ga, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, tó ń gbé ní Agbowó tàbí Challenge lónìí, tó sì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba, kò ní ọ̀nà kan gbòógì tó lè gbé e dé ibi tí àwọn wọ̀nyí dé. Ọ̀nà náà wà nígbà kan rí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn, ká lè mọ ibi tí ọ̀nà náà ti já.

Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ayé ijọ́un ní

Ọdún 1913 ni wọ́n dá Ibadan Grammar School sílẹ̀. Government College, tó wà ní Apata, tẹ̀ lé e ní 1929, St. Teresa's College dé ní 1932, Loyola College sì bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Ìjọba amúnisìn ló dá òmíràn sílẹ̀, àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ló dá àwọn yòókù. Gbogbo wọn ló gbà pé ẹ̀kọ́ ìwé láìsí eré ìdárayá kò pé. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ sọ àwọn ọmọ di agbábọ́ọ̀lù tí yóò máa gba owó. Wọ́n gbà pé pápá ìṣeré ni ọmọ ti ń kọ́ ìfaradà, tó sì ti ń kọ́ bí a ṣe ń pàdánù láìbínú.

Nítorí èyí, nǹkan mẹ́rin ni irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní. Èkíní ni ilẹ̀. Ẹni tó bá wọ ọgbà Government College ní Apata yóò rí i pé àwọn tó wọn ilẹ̀ náà mọ̀ pé ọmọ yóò sáré níbẹ̀. Èkejì ni olùkọ́ tí eré ìdárayá jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní géèmù màsítà, tó máa ń dúró lẹ́yìn tí aago ilé-ẹ̀kọ́ bá ti lù. Ẹ̀kẹta ni àkókò: bí ọmọ bá ń gbé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀kẹrin ni ìdíje tí kì í yẹ̀. Láàárín ọgbà, ilé sí ilé ni wọ́n ń díje; ní Government College, ilé bíi Grier àti Swanston wà tí ọmọ ń fi ṣe yangàn títí ọjọ́ ogbó. Lẹ́yìn ọgbà, ilé-ẹ̀kọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ ni, ìdíje eré sísá tó ń jẹ́ Grier Cup sì wà lára àwọn tó lókìkí jù lọ.

Àwọn ìwé ìròyìn pẹ̀lú kó ipa tiwọn. Nigerian Tribune wà n'Íbàdàn láti 1949, Daily Sketch sì dé ní 1964. Nígbà tí orúkọ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún bá jáde nínú ìwé ìròyìn nítorí pé ó fo òkè ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bàbá rẹ̀ tó fẹ́ kó máa wá sóko tàbí sí ṣọ́ọ̀bù yóò tún inú rò. Ẹni tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ńlá yóò sì mọ ibi tí yóò ti wá a.

Owó kòkó àti ìlú tuntun

Ìlú Ìbàdàn tuntun tí a mọ̀ lónìí, láti Bódìjà dé Ring Road, àtọwọ́dá ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni apá púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìjọba olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Ìjọba kan náà ló gbé ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kalẹ̀ ní 1959, tó sì la àwọn ilé Bódìjà sílẹ̀ láàárín àkókò yẹn. Ní 1960, wọ́n ṣí pápá ìṣeré Liberty ní apá Òkè-Àdó, nítòsí Ring Road. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1963, pápá náà ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún ipò àkọ́kọ́ lágbàáyé. Ẹni tó bá dúró ní Dùgbẹ̀ tó ń wo Cocoa House tí wọ́n parí ní 1965 yóò rí i pé àwọn tó kọ́ ọ gbà pé kò sí ohun tí ọmọ Yorùbá kò lè ṣe.

Eré ìdárayá tẹ̀ lé ìgbàgbọ́ yẹn. Ní 1966, Yunifásítì Ìbàdàn gba àlejò ìdíje àkọ́kọ́ láàárín àwọn yunifásítì Nàìjíríà. Ní 1976, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars gba ife-ẹ̀yẹ àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn nílẹ̀ Áfíríkà, àwọn sì ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà kankan. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tó wà lára wọn, Pólì Ìbàdàn ló ti kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ìwé àti bọ́ọ̀lù kò bá ara wọn jà nígbà náà. Ní 1979, Ìbàdàn gba àlejò ayẹyẹ eré ìdárayá gbogbogbòò Nàìjíríà, èyí tí wọ́n pè ní Olúyọ̀lé '79.

Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbajúmọ̀ bíi bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá láyé ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ló ń gbé e. Ẹ wo Hakeem Ọlájùwọ́n. Ìlú Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1963. Ó ń ṣọ́ ilé nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá. Ó ti di ọ̀dọ́langba ní Muslim Teachers College kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1984, òun ni wọ́n kọ́kọ́ yàn nínú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọ NBA ní Amẹ́ríkà. Ó gba ife NBA pẹ̀lú Houston ní 1994 àti 1995. Ènìyàn lè sọ pé Ọlọ́run ló fún un ní gíga. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tó ní eré oríṣiríṣi, tó sì ní ìdíje tí wọ́n lè mú ọmọ lọ, ló jẹ́ kí ẹnì kan rí gíga náà, kó sì mọ ohun tí a lè fi ṣe.

Ìgbà tí ọmọ pọ̀ ju pápá lọ

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, olóyè Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ọ̀yọ́, ẹgbẹ́ òṣèlú UPN sì mú ìlérí wọn ṣẹ: ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́. Ó yẹ ká sọ ọ́ gbangba pé ohun rere ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí òbí wọn kò lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ ló di ọ̀mọ̀wé nítorí ìpinnu yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí wà lára wọn tàbí jẹ́ ọmọ wọn.

Àmọ́ ohun rere náà ní gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò san. Ilé-ẹ̀kọ́ tuntun ń hù bí olú láàárín ọdún díẹ̀. Ọjọ́ ni wọ́n ń lọ, alẹ́ ni wọ́n ń wálé. Kò sí ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́, pápá dúró di ọjọ́ mìíràn tí kò dé. Ṣáájú ìgbà yẹn, láàárín ọdún 1970 sí 1979, ìjọba ti gba ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńlá sí méjì tàbí mẹ́ta nínú ọgbà kan ṣoṣo, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì di púpọ̀ lórí pápá kan. Gbogbo wa la mọ̀ pé ewúrẹ́ gbogbo ayé, ebi ní í pa á.

Lẹ́yìn náà ni ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP dé ní 1986, lábẹ́ ìjọba ológun Babangida. Ẹ jẹ́ ká fi bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ń tà ní 20 dọ́là l'Ámẹ́ríkà ṣe òṣùwọ̀n. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Bọ́ọ̀lù náà kò ju náírà 18 lọ. Ní 1989, dọ́là ti lé ní náírà 7, bọ́ọ̀lù kan náà sì ti tó nǹkan bí náírà 150. Ní 1999, ó ti kọjá náírà 1,800. Ní iye tí dọ́là wà ní 2025, nǹkan bí náírà 30,000 ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bọ́ọ̀lù kan kì í tó ikọ̀ kan lò, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi ẹsẹ̀ lásán gbá a lórí kọnkéré. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí kò rí owó ra ṣọ́ọ̀kì, níbo ni yóò ti rí owó ra àwọ̀n?

Géèmù màsítà pẹ̀lú wábi gbà. Nígbà tí owó oṣù olùkọ́ bá pẹ́ kó tó dé, tí kò sì tó jẹun nígbà tó bá dé, ìrọ̀lẹ́ tó fi ń kọ́ ọmọ léré ló máa kọ́kọ́ fi wá owó mìíràn. Wọn kì í sì í fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tó bá fẹ̀yìn tì. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé Yunifásítì Ìbàdàn, tí ẹnubodè rẹ̀ kọjú sí Agbowó, ní ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìmọ̀ eré ìdárayá àti ìlera títí di òní. Ìmọ̀ náà kò jìnnà sí wa ju ká sọdá títì lọ.

Ilẹ̀ ló wá kẹ́yìn. Bí ìlú ṣe ń gbòòrò, ilẹ̀ ní Ring Road, Challenge àti Dùgbẹ̀ di góòlù. Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tó kọjú sí títì di ibi tí ṣọ́ọ̀bù ń tò sí. Ibi tí wọn kò bá kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí, kíláàsì tuntun ni wọ́n ń kọ́ sí i, tàbí kí ẹni tí kò bá ilé-ẹ̀kọ́ náà tan sọ ọ́ di ọ̀nà àbùjá. Pápá tó ṣẹ́kù di ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìnáwó ní ọjọ́ Sátidé.

Ta ló wá gba ipò ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba?

Láti nǹkan bí ọdún 1990 síwájú, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni gba ìlú kan. Ní Bódìjà, ilé tí ìdílé kan ń gbé tẹ́lẹ̀ di ilé-ẹ̀kọ́ fún igba ọmọ. Òbí tó lówó kó ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ nítorí ìwé, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí kò ní pápá rárá; ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń yá pápá ẹlòmíràn fún ìdíje ilé sí ilé, tí ọmọ yóò wọ aṣọ aláràbarà, tí òbí yóò ya fọ́tò. Àwọn òbí tó lè pariwo létí ìjọba sì ti kúrò nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ariwo náà sì bá wọn lọ.

Ìdíje pàápàá di ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ oníṣòwò. Láti 1999 ni Nestlé ti ń fi orúkọ MILO gbé ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama kalẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ni ìdíje náà fún láǹfààní. Síbẹ̀, ìdíje tí ilé-ẹ̀kọ́ kan lè kópa nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, tí wọ́n bá pàdánù tí wọ́n padà sílé títí di ọdún tó ń bọ̀, kò lè ṣe iṣẹ́ tí ìdíje ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ láàárín ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá ní àdúgbò kan lè ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ayé ijọ́un tọ́ ń gbìyànjú láti fi owó ara wọn dí àlàfo: Ọdẹ́gbàmí dá ilé-ẹ̀kọ́ eré ìdárayá sílẹ̀ ní Wasimi, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó dára, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Wasimi kò lè tọ́ gbogbo ọmọ Ìbàdàn.

Ìlú mìíràn ti rí irú rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní New York ló tọ́ Connie Hawkins ní Boys High ní Brooklyn, àti Nate Archibald ní DeWitt Clinton ní Bronx. Ní 1975, owó tán lápò ìlú náà, wọ́n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùkọ́ kúrò níṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ṣì ń rí ẹni ńlá mú jáde lẹ́yìn ìgbà náà, bíi Stephon Marbury láti Lincoln ní Brooklyn, ṣùgbọ́n lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni bíi Montverde ní Florida ló ń ṣa àwọn ọmọ tó mọ eré jù lọ láti ibi gbogbo. Cooper Flagg, tí wọ́n kọ́kọ́ yàn ní NBA ní 2025, ìpínlẹ̀ Maine ló ti wá sí Montverde. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tí ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò bá já ọmọ Brooklyn kulẹ̀, pápá ìta gbangba wà ní ìkóríta, ẹlòmíràn sì wà tó ń wá a láti san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọmọ Agbowó kò ní èyíkéyìí.

Ìbàdàn kì í ṣe ìlú tí ẹ̀bùn ti tán. Olúmìdé Oyèdéjì, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí ní 1981. Ó gba Jámánì kọjá, níbi tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Würzburg, Seattle sì yàn án sí NBA ní 2000. Nígbà tí ikọ̀ ọkùnrin Nàìjíríà kọ́kọ́ dé Òlíńpíìkì, ní London ní 2012, òun ni olórí ikọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó darí níbẹ̀ ni wọ́n bí tàbí tọ́ dàgbà l'Ámẹ́ríkà. Al-Farouq Aminu, tí wọ́n bí sí Atlanta, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Norcross, ìpínlẹ̀ Georgia, ló ti mọ eré. Ẹ kíyè sí i: ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba náà ni. A ń kórè oko tí ìjọba mìíràn ro.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn ọmọ òde òní ló yọ̀lẹ, pé fóònù àti owó òjijì ló gbà wọ́n lọ́kàn. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì rin àdúgbò Agbowó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Òkúta méjì níhìn-ín, òkúta méjì lọ́hùn-ún, wọ́n ti sọ títì di pápá. Ọkọ̀ bá ń bọ̀, wọ́n á yà fún un, wọ́n á tún padà. Àwọn ọmọ náà kò yọ̀lẹ. Kò sí àgbàlagbà kan níbẹ̀ tó ń kọ orúkọ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá sílẹ̀ ni.

Ohun tí a lè ṣe

Ìjọba máa ń fẹ́ràn pápá ńlá nítorí pé wọ́n lè ṣí i pẹ̀lú ìlù. Wọ́n sọ Liberty di pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 2010. Ìjọba Ṣèyí Mákindé sì tún pápá Lekan Salami ní Adamásingbà ṣe, èyí tó yẹ kí a yìn. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Pápá ńlá ni ibi tí ọmọ tó ti mọ eré ń lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ibi tó ti ń kọ́ ọ.

Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ gan-an ló bá ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ ti há mu jù lọ. Ilẹ̀ tó gùn ní mítà 28, tó fẹ̀ ní mítà 15, ni pápá rẹ̀ ń fẹ́. Bí ẹ bá mú pápá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kan tó gùn ní mítà 105, tó fẹ̀ ní mítà 68, pápá alápẹ̀rẹ̀ tó lé ní mẹ́wàá yóò wọ inú rẹ̀. Kọnkéré ni, òpó méjì, apẹ̀rẹ̀ méjì tó ga ní mítà 3.05 sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ṣọ́ọ̀bù ti jẹ ọgbà rẹ̀ ní Challenge ṣì lè rí ìwọ̀n ilẹ̀ yẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta tó wà nínú ọgbà kan lè lo ẹyọ kan pọ̀.

Kọnkéré nìkan kò tó, nítorí a ti rí i pé nǹkan mẹ́rin ló gbé ayé àtijọ́ dúró. Kí ìjọba Ọ̀yọ́ gba olùkọ́ eré ìdárayá sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, kí wọ́n san owó wákàtí méjì ìrọ̀lẹ́ fún un gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Kí ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò kan máa pàdé ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láìdúró de oníṣòwò. Kí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, tí wọ́n ti ń kọ́ géètì tí wọ́n sì ń kun ilé, fi apá kan owó wọn sí òpó àti àwọ̀n. Kí àwa oníròyìn náà sì padà máa kọ orúkọ àwọn ọmọ.

Àti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ ọdún méjìlá kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba n'Íbàdàn báyìí tó ga ju gbogbo kíláàsì rẹ̀ lọ, tí olùkọ́ sì ti ní kó lọ jókòó lẹ́yìn kó má baà dí àwọn yòókù lójú. Bí ọdún mẹ́ta bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́, yóò ti pẹ́ jù fún un.